Àna Wa San Owó Géètì

Ẹni tó bá ní ọgbà eré ọmọdé ní Abuja, ojú ọ̀run ló ń wò ju ojú oníbàárà lọ. Òjò á bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin, ó di oṣù Kẹwàá kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé rèé, 27 oṣù Karùn-ún, inú òjò ni wọ́n gbé e sí. Ọjọ́ Òmìnira, 1 oṣù Kẹwàá, òjò ò tíì lọ tán. Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá kì í dúró sójú kan, ọdọọdún ni wọ́n ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí, nítorí náà bí ti ọdún yìí bá bọ́ sígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kérésìmesì nìkan ló mọ ibi tó yẹ kó wà: ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, kò sí òjò lọ́ọ̀ọ́kán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni Abuja. Tó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún dé, kálukú ti di ẹrù, wọ́n ti kọjá Lokoja. Ẹ lè tẹ́ ẹní sáàárín títì Kubwa lọ́jọ́ Kérésìmesì kí ẹ sùn. Ìyẹn ni pé nígbà tí èrò wà, òjò wà. Nígbà tí òjò lọ, èrò bá a lọ.

Irú òwò yìí ni bàbá mi kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì wọn lé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àmọ́ Jos ni wọ́n dàgbà sí, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò láti ayé àwọn bàbá wọn. Haúsá yọ̀ lẹ́nu wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé wọn dé Lagos, iṣẹ́ ìjọba kan náà ló sì gbé wọn dé Abuja lẹ́yìn tí Babangida kó olú-ìlú wá síbẹ̀ ní 12 oṣù Kejìlá 1991. Abuja ìgbà yẹn, iyẹ̀pẹ̀ pupa àti búlọ́ọ̀kù ni. Àwọn tó ya àwòrán ìlú náà fi ilẹ̀ ńláńlá sílẹ̀ fún ọgbà ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n orí bébà ni ọgbà wà, igbó ló wà nílẹ̀. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí èmi àti àbúrò mi bá ń da ìyá wa láàmú, bàbá mi á kó wa sínú Peugeot 504 wọn, ó di pápákọ̀ òfurufú. A ò lọ pàdé ẹnikẹ́ni o. Bàálù la lọ ń wò. A ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó máa jẹ ẹ̀pà, bàálù kan á balẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́, a ó wá máa retí òmíràn títí ẹ̀pà á fi tán. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wo ojú wa lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n rí i pé kò sí ohun tí ọmọdé fẹ́ ju nǹkan tó ń gbéra nílẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ṣí Millennium Park ní Maitama lọ́dún 2003, bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ wò ó lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ. Ibẹ̀ rẹwà. Odò kékeré ń ṣàn, òdòdó wà, koríko tútù. Bàbá mi rìn yí i ká, wọ́n ní, "Ó dára o. Àmọ́ kí ni ọmọdé fẹ́ fi koríko ṣe?" Àfi ìgbà tí Wonderland, tí wọ́n ń pè ní Magicland báyìí, wá wáyé nítòsí pápá ìṣeré ńlá ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Wọn ò gun ohunkóhun níbẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fi bírò kọ iye orí tó ń wọlé sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń ṣírò.

Owó ìfẹ̀yìntì wọn jáde. Ìyá wa ní kí wọ́n kọ́ fúláàtì mẹ́rin kí wọ́n fi háyà, kí wọ́n máa gba owó lọ́dọọdún, kí wọ́n máa sùn. Bàbá mi ra ilẹ̀ lẹ́yìn Kubwa, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tòkúnbọ̀. Kọ̀ǹténà méjì ló kó o dé. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ènìyàn yípo lójú òfurufú, àga rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Jangirọ́fà ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, méjì nínú àwọn ẹṣin náà ò létí. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tí ariwo rẹ̀ ju eré rẹ̀ lọ. Èdè Ítálì ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n fi ń to kẹ̀kẹ́ ńlá náà látòkè délẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ nígbà yẹn, ló jókòó tì í; àwòrán inú rẹ̀ nìkan ló ń kà. Nígbà tí òun àti àwọn wẹ́dà tò ó tán, bóòtì àti nọ́ọ̀tì ṣẹ́ kù, ó kún korobá ìyẹ̀fun kan. Bàbá mi ní kò sí wàhálà, pé òyìnbó máa ń fi ènì sí i. Àbúrò mi tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ pátá. Ó tún un tò. Korobá náà ṣófo kó tó gbà kí ọmọ ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ kí ẹ fi korobá yẹn sọ́kàn tí ẹ bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àbúrò mi nínú ẹbí wa, pé aláìgbọràn ni.

Bàbá mi ní ìtàn kan tí oníbàárà gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó gun kẹ̀kẹ́ ńlá. Wọ́n á ní, lọ́dún 1889, àwọn ará Faransé kọ́ Eiffel Tower fún àfihàn ọjà àgbáyé tiwọn, ẹnu ya gbogbo ayé. Ó wá kan Chicago ní 1893. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá ohun tí wọn máa fi bo ti Faransé mọ́lẹ̀. Ni ẹnjiníà kan, George Ferris, bá ní òun máa gbé kẹ̀kẹ́ kan dúró tó ga ní 264 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Ó ṣe é. Yàrá 36 ló so mọ́ ọn, ènìyàn 60 ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń gbà. Níbí yìí, bàbá mi á dúró kí oníbàárà ṣírò rẹ̀. Bí oníbàárà ò bá ṣírò rẹ̀, wọ́n á bá a ṣírò: 2,160 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà! "Ẹni tí wọ́n ní orí ẹ̀ yí nìyẹn o." Ibẹ̀ ni ìtàn máa ń parí sí. Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ọkùnrin yẹn ṣì wà láyé, tó ń gba owó géètì ní Chicago.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló dá gbogbo rẹ̀ rú.

Àbúrò mi fẹ́ ìyàwó, ọmọ Ìjẹ̀bú, àwọn òbí rẹ̀ ń gbé Lagos. Bàbá mi ní kí la fẹ́ máa háyà họ́ọ̀lù fún nígbà tí a ní ọgbà. Kò burú. A so ríbọ́nì sára àwọn ẹṣin, a to àga, ìyá wa bá àwọn alásè sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ló gbé àna dé láti Lagos, gbogbo wọn nínú aṣọ ẹbí, gèlè ga, agbádá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n dé ẹnu géètì. Máígádì wa, ọmọ Katsina, ènìyàn tí kò gba gbẹ̀rẹ́ rárá, na ọwọ́ jáde. "Kowa sai ya biya." Kálukú gbọ́dọ̀ sanwó.

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó bi í pé èló ni. Ó sọ ọ́. Ó tiẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé ààbọ̀ ni ti ọmọdé, nítorí òfin ọgbà nìyẹn, kò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo àna wa sanwó, bọ́ọ̀sì méjì, ó ń ya tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíkẹ́ẹ̀tì wa sì fàyè gba eré kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìyàwó ń wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jó bọ̀, bàbá rẹ̀ ti gun orí ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tí kò létí, nínú agbádá, wọ́n ń yípo. Wọ́n ní àwọn ti sanwó, àwọn ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fi owó ṣeré.

Fọ́tò yẹn wà. Kò sí ẹni tó gbé e kọ́ sára ògiri.

Bàbá mi ní àwọn ti sọ fún máígádì pé àna kì í sanwó. Máígádì ní ohun tí Baba sọ fún òun lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ni pé kowa, kowa ni òun sì gbà lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, bàbá mi gbàgbé ni. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, díísù ni wọ́n ń ṣírò títí àlùfáà fi ṣe àmín. Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àbúrò mi wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n, tó ní, "Bàbá, ẹ gbowó lọ́wọ́ àna mi," ohun tí bàbá mi fi dá a lóhùn ni pé, "Ṣé wọn ò gun ẹṣin ni?"

Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sì sí èyí tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Bí mo bá lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ (Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́), èmi ni wọ́n ń rán. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún bàbá yín pé bẹ́líìtì jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ já." Bàbá mi wà ní ìwọ̀n apá méjì sí wa. Wọ́n á ní, "Sọ fún ọmọ ìyá rẹ pé mo gbọ́." Láàárín ọ̀sẹ̀ tí n kò bá sí níbẹ̀, wọ́n wá ọgbọ́n mìíràn dá. Sípíkà méjì la ní nínú ọgbà, mááìkì méjì sì ni: ọ̀kan wà níbi tí bàbá mi ti ń kí àwọn èrò káàbọ̀, èkejì wà nídìí kẹ̀kẹ́ ńlá. Orí mááìkì yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn.

Bàbá mi á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọdé sún mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó gbóná. Ó tún ń jẹ díísù bí ẹni pé bàbá ẹnì kan ló ni ilé epo."

Ìsẹ́jú díẹ̀, mááìkì kejì á dáhùn: "Ẹ̀yin òbí, ẹ di ọmọ yín mú dáadáa. Kẹ̀kẹ́ yìí ò léwu. A ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti èṣí la ti ń tọrọ bẹ́árìnnì tuntun, tí wọ́n ń ní ká máa fi gíríìsì tù ú nínú."

Àwọn òbí á sọ ọmọ wọn kalẹ̀. Bàbá mi á tún gbé e: "Gíríìsì náà, owó la fi ń rà á. Kì í hù lórí igi." Báyìí ni, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá wa, tó ń ta gúgúrú àti zobo lábẹ́ igi máńgòrò, ò dá sí i. Mo bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n bá wọn parí ìjà. Wọ́n ń da gúgúrú sínú ọ̀rá, wọn ò gbójú sókè: "Jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Àwọn tó ń gbọ́ wọn ń ra gúgúrú." Òótọ́ sì ni. Àwọn kan wà tí wọn kì í gun nǹkan kan, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń jókòó sí. Ọkùnrin kan wá bá mi níbi tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní aago mélòó ni àwọn aláwàdà méjèèjì yẹn máa bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Iléyá kan ló burú jù. Òjò ò rọ̀, ọgbà kún. Bàbá mi ti sọ ìtàn Ferris tán, wọ́n ti ṣírò 2,160. Mááìkì kejì wá tàn. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀yin oníbàárà wa, ìtàn yẹn ṣì kù. Ẹjọ́ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ferris ní àwọn tó ṣe àfihàn yẹn ò fún òun ní ẹ̀tọ́ òun nínú èrè, àwọn tó jẹ lówó náà ń wá a kiri. Ní 1896 ó kú, ọmọ ọdún 37 péré. Ní 1906, wọ́n fi dínámáìtì wó kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ ṣeun." Ó pa mááìkì. Mo wo bàbá mi. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ 264 ẹsẹ̀ bàtà, báwo ni kò ṣe ní mọ 1906? Wọ́n kàn máa ń dúró ní Chicago ni, nítorí ọjọ́ yẹn dára níbẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí mááìkì, wọ́n tún gbé e padà sórí tábìlì, wọ́n lọ dúró sídìí ọkọ̀ ojú irin.

Kó má baà dà bí ẹni pé ìjà nìkan ló ń pa ọgbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa owó. Nígbà tí Buhari ti Abuja, Lagos àti Ògùn pa nítorí àrùn Kòrónà, tó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ 30 oṣù Kẹta 2020, ewúrẹ́ nìkan ló ń gun ọkọ̀ ojú irin wa. Ní 2022, ogun Ukraine gbé owó díísù lọ sókè, kò sì padà wá. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n ní ká pààrọ̀ náírà, bébà owó di ọ̀wọ́n, àwọn òbí ń dúró lẹ́nu géètì tí fóònù wọn ń sọ pé owó ti lọ, tí tiwa ń sọ pé kò tíì dé, tí ọmọ ń sunkún láàárín. Ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Tinubu gorí àlééfà, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ jálá epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦500. Ẹni tó ń gbé ọmọ mẹ́ta láti Nyanya wá sí Kubwa, owó ọkọ̀ ti jẹ owó eré tán kó tó dé géètì. Oṣù Kẹrin 2024, wọ́n ní àwọn tó wà ní Band A máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, wọ́n á sì san ₦225 lórí wákàtí kílówáàtì kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi dúpẹ́ lórí mááìkì pé àwa ò sí ní Band A. Àbúrò mi dúpẹ́ lórí mááìkì kejì pé àwa ò tiẹ̀ níná rárá.

Àwọn ẹbí wa máa ń sọ pé ọgbà yẹn ló tú ilé wa ká. Mi ò gbà. Ká ní ó là ni, tí owó ń wọlé yàà, àbúrò mi ì bá ti kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Lagos tàbí Canada lọ́dún tí ìjà yẹn bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ì bá sì ti gba ẹnjiníà mìíràn. Àìlówó ni kò jẹ́ kí wọ́n pínyà. Bàbá mi ò lè san owó ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Òun náà ò lè fi kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ òun nìkan ló mọ bóòtì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láti máa gùn. Nígbà Kòrónà yẹn, àbúrò mi sọ fún mi pé bí kẹ̀kẹ́ bá dúró sójú kan pẹ́, ìwúwo rẹ̀ á máa fún bẹ́árìnnì ní ojú kan náà, ó ní láti máa yí. Ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ fi ọwọ́ yí i. Máígádì ló wá jẹ́ kí n mọ̀ pé bàbá mi ń wá yí i láàárọ̀. Kò sí èyí tó mọ̀ nípa èkejì. Ó dá mi lójú pé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ náà ti gbéra láàárọ̀ ló ń padà sí nírọ̀lẹ́.

Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè da ènìyàn sí i bí ẹ ṣe fẹ́. Bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, mọ́tò rẹ̀ á máa jà, ìjánu rẹ̀ á sì máa jẹ. Ẹni tó ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pín èrò sí òdìkejì ara wọn. Bí èrò ò bá tó, àpò iyanrìn ni àbúrò mi ń gbé sórí àga. A ní iyanrìn tó ti gun kẹ̀kẹ́ ju ọmọ Kubwa èyíkéyìí lọ. Àwọn ọmọdé máa ń juwọ́ sí wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú òjò, mo wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó síbi tíkẹ́ẹ̀tì. Ọgbà ṣófo. Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ náà ní kẹ̀kẹ́ ńlá lòun fẹ́, kò fẹ́ nǹkan mìíràn. A ti kó gbogbo àpò iyanrìn lọ dí ẹnu géètì kí àgbàrá má baà wọlé. Àbúrò mi gbé mááìkì: "A nílò ẹni tó máa jókòó sí àga kẹfà." Ó wo máígádì. Máígádì wo ilẹ̀. Ìyá wa ní àwọn ò bá wọn dá ọgbà sílẹ̀, àwọn ò sì ní bá wọn gùn ún. Èmi ti fẹ́ dìde, ni bàbá mi bá bọ́ fìlà, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n lọ jókòó sórí àga kẹfà láìwo ẹnì kankan. Àbúrò mi ti irin àga náà mọ́ wọn níwájú. Ó mì ín. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó tún padà wá mì ín. Kò sọ̀rọ̀.

Kẹ̀kẹ́ yí. Ọmọ náà ń ké ayọ̀. Ìgbà tí ìyá àti ọmọ dé ìsàlẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ kíá kí ẹnikẹ́ni tó ní kó dúró. Bàbá mi wà lókè pátápátá, àwọn nìkan, wọ́n di irin mú, babaríga wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Wọ́n fẹ́ dìde wo ilẹ̀.

Àbúrò mi gbá mááìkì mú. Iná ti lọ. Ó sọ ọ́ sílẹ̀.

"Bàbá! Ẹ má dìde! Ẹ jókòó sáàárín!"

Kò sẹ́ni tó mira. Bàbá mi bojú wolẹ̀. "Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni!"

"Ṣé díísù ló tán?"

"Fílítà ni! Mo ti sọ pé ká pààrọ̀ ẹ̀!"

"Ta lo sọ fún?"

"Mo sọ ọ́ lórí mááìkì!"

"Èmi ò kí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orí mááìkì!"

Ó ti ń so okùn mọ́ apá kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń pariwo, èmi àti máígádì di ìdí okùn náà mú, kí ìwúwo bàbá mi má baà gbé wọn já wálẹ̀ lójijì tó bá tú ìjánu. Fílítà yọrí sí bẹ́árìnnì, bẹ́árìnnì yọrí sí owó bẹ́árìnnì, ó sì di ọ̀rọ̀ àna.

"Bàbá ìyàwó mi gun ẹṣin tí ò létí!"

"Ó wù wọ́n ni!"

"Wọ́n sanwó, Bàbá! Wọ́n sanwó wọ ìgbéyàwó ọmọ wọn!"

"Mi ò ní kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ àna!"

Máígádì jẹ́ kí okùn dẹ̀ díẹ̀ kó lè gbójú sókè. "Baba, kai ka ce kowa!" Baba, ẹ̀yin lẹ ní kálukú.

Bàbá mi dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ ké díẹ̀. "Mo gbàgbé!" ni wọ́n pariwo láti òkè yẹn, inú ń bí wọn gidi. "Mo gbàgbé! Ṣé ó ti tó ọ báyìí?"

"Ẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"O ò bi mí! Ẹ̀sùn lo gbé wá!"

Mo ti ń bá àwọn méjèèjì jíṣẹ́ fún ara wọn láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó yẹn. Mi ò rántí ọjọ́ tí nǹkan dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bú ara wọn lẹ́nu gbangba, láìsí sípíkà, láìsí èmi, òjò wínníwínní sì ń pa gbogbo wa. Àbúrò mi ń tú ìjánu díẹ̀díẹ̀, àwa ń dẹ okùn, bàbá mi ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àríyànjiyàn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n fi máa balẹ̀, orúnkún wọn ń gbọ̀n. Àbúrò mi di apá wọn mú. Wọn ò jẹ́ kó di ohun ńlá. Wọ́n ní, "Fílítà yẹn, èló ni wọ́n ń tà á ní Apo?"

Obìnrin oníbàárà yẹn ti dúró síwájú mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ní ìgbà mẹ́ta péré ni kẹ̀kẹ́ yí, ó ní kí n dá owó òun padà. Kí n tó la ẹnu, bàbá mi àti àbúrò mi ti dá a lóhùn pọ̀ láti ọ̀hún: "A kì í dá owó padà!" Ìyá wa dìde lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi owó gúgúrú dá ti obìnrin náà padà, wọ́n sì fi ọ̀rá gúgúrú kan lé e lọ́wọ́ ọmọ. Obìnrin náà ka owó rẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì tí wọ́n ti tún ń jiyàn nípa Apo àti Dei-Dei, ó wá bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ṣé wọ́n á tún ṣe é lọ́jọ́ Sátidé? Mo fẹ́ mú ọkọ mi wá."

Bàbá mi gbọ́. Wọ́n ní kó mọ̀ o, pé owó géètì máa lọ sókè láti Sátidé yẹn. Àbúrò mi ní ìlọ́po méjì ni, nítorí fílítà.